Ta ló mú rìmóòtù dání?

Ẹ jẹ́ n ti ibi àṣìṣe mi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn tíńéjà jọ pé ká jọ wo dókúmẹ́ńtárì tí wọ́n ṣe nípa Tina Turner, obìnrin olórin ará Amẹ́ríkà yẹn, èyí tó jáde lọ́dún 2021 tóun náà ń jẹ́ Tina, mo jókòó síwájú bíi tíṣà tó fẹ́ ṣe ìdánwò fún kíláàsì, rìmóòtù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé lọ́wọ́ òsì, ìbéèrè 14 ni mo sì kọ sínú ìwé yẹn. Ọmọ méje ni wọ́n, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́rin, tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 14, tó dàgbà jù ti pé 17. Ká tó wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá màá ti dá a dúró. "Kí lẹ rí níbẹ̀ yẹn? Báwo ló ṣe rí lára yín?" Nígbà tá a dé ibi tí obìnrin náà ti ń sọ bí ọkọ ẹ̀ ṣe ń lù ú, mo tún dá a dúró, mo ní kí kálukú sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ó wá kan ọmọbìnrin kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń fa okùn tó wà lọ́rùn súwẹ́tà ẹ̀, ó ń wé e mọ́ ìka, ó ń tú u, ó tún ń wé e. Èmi náà ò gbọ́n, mo tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ló bá dìde pé òun fẹ́ lọ tọ̀, kò sì padà wá títí fíìmù fi parí.

Màá padà sọ́rọ̀ ọmọ yẹn, ẹ ṣáà jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi mú fíìmù yìí nínú gbogbo fíìmù tó wà nílẹ̀.

Fíìmù eléré kan ti wà lórí ayé obìnrin yìí tẹ́lẹ̀, ọdún 1993 ló jáde, Angela Bassett ló ṣe Tina, Laurence Fishburne ló ṣe Ike ọkọ ẹ̀, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ẹni tó ń wò ó á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fọwọ́ bojú. Mi ò lè gbé ìyẹn síwájú ọmọ ọdún 14 kí n wá máa retí pé kó ronú. Ẹ̀rù ló máa bà á. Ẹ má bínú, àwọn míì nínú wọn ò tiẹ̀ ní bẹ̀rù, wọ́n á kàn máa dúró de ìgbà tí ìjà tún máa bẹ̀rẹ̀ bíi pé fíìmù jàgídíjàgan ni. Nínú dókúmẹ́ńtárì tí Daniel Lindsay àti T.J. Martin ṣe yìí, ẹ ò ní rí òṣèré tó ń ṣe bí ẹni lu ẹnikẹ́ni. Ohùn obìnrin náà gan-an lẹ máa gbọ́, nígbà míì látinú téèpù íńtáfíù tó ṣe fún ìwé ìròyìn People lọ́dún 1981, nígbà míì òun náà ló jókòó sílé ẹ̀ ní Switzerland tó ń sọ̀rọ̀, ó ti dàgbà, ara ẹ̀ ti balẹ̀. Téèpù yẹn lágbára lójú mi ju àwòrán lọ. Tó bá jẹ́ àwòrán ni, ọwọ́ ẹni tó ń lù ú lojú wa máa wà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ohùn, òun la máa gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Tina o, ẹ má tan ara yín jẹ. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Àǹtí, ṣé màmá yẹn ṣì wà láyé?" Mo ní rárá, May 24, 2023 ló kú, nílé ẹ̀ ní Küsnacht nítòsí Zurich, ẹni ọdún 83 ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń fi orin kan tàbí méjì hàn wọ́n ká tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n rí i bó ṣe ń jó pẹ̀lú bàtà gogoro yẹn, kí wọ́n gbọ́ ohùn tó há tó sì ń dún bí ẹni fẹ́ ya aṣọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé ní January 1988, ní pápá Maracanã ní Rio de Janeiro, èèyàn bí 180,000 ló wá wo obìnrin kan ṣoṣo yìí. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n bí olórin ni. Tó bá jẹ́ lílù tí wọ́n ń lù ú la fi mú un wọlé, ẹni tí wọ́n lù náà ló máa jẹ́ lójú wọn títí lọ, ìyẹn ò sì dáa.

Anna Mae Bullock ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní November 26, 1939, ní Brownsville, ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, abúlé Nutbush tó wà lápá ibẹ̀ ló gbé dàgbà, láàárín oko òwú. Ìjà ni ṣáá láàárín bàbá àti ìyá ẹ̀. Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún 11, ìyá ẹ̀ bá tiẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ dágbére fún un. Nígbà tó yá bàbá náà tún lọ. Ó di ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Ọmọ ọdún 17 ló jẹ́ nígbà tó bá Ike Turner àti ẹgbẹ́ olórin ẹ̀ pàdé ní kílọ́ọ̀bù kan ní East St. Louis, Ike ti tó ẹni ọdún 25 nígbà yẹn, ó ti gbajúmọ̀ ládùúgbò, ó ní mọ́tò, ó ní àwọn ọmọ ẹ̀yìn. Tí mo bá ti pe 17 yẹn mo máa ń dákẹ́ díẹ̀. Mi ò ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 nínú wọn á ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá máa bá ọ̀dọ́ wo fíìmù yìí dúró sí dáadáa wá nìyí, kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń lù ú. Ibi orúkọ ni. Lọ́dún 1960, ẹni tó yẹ kó kọ orin kan fún Ike ò yọjú sí stúdíò, Anna Mae ló bá wọn kọ ọ́, orin yẹn sì fẹ́ di ńlá. Kó tó jáde, Ike fún un lórúkọ tuntun, Tina Turner, kò bi í, wọn ò sì tíì fẹ́ra wọn sílé nígbà yẹn o. Àwa tá a máa ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ wá wò ó, àpò ara ẹ̀ ni bọ̀ọ̀dá yìí wò. Ó lọ fi orúkọ yẹn ṣe tiẹ̀ lábẹ́ òfin, pé tí obìnrin yìí bá fi lè lọ, òun á kàn gbé obìnrin míì sórí ìtàgé, òun á máa pe ìyẹn náà ní Tina. Nǹkan kan ló sì ń bà á lẹ́rù: lọ́dún 1951 òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ṣe orin kan tó ròkè lálá, orúkọ Jackie Brenston tó kọ ọ́ ló wà lára àwo, nígbà tó sì yá ìyẹn bá tiẹ̀ lọ. Ike ti pinnu pé irú ẹ̀ ò ní tún ṣẹlẹ̀ sóun láyé.

Mo bi wọ́n pé ta ló ni orúkọ yẹn. Wọ́n ń wò mí. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, tí mo ti rò pé kò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan tá à ń sọ, ló gbójú sókè. Ó ní, "Àǹtí, ó dà bí kẹ́nì kan bá ẹ ṣí akáǹtì, kó jẹ́ nọ́ńbà tiẹ̀ ló fi ṣí i. Ìwọ lò ń kó fọ́lówà jọ, ìwọ lò ń ṣe fídíò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá jà, ó lè tì ẹ́ síta." Gbogbo wọn ṣe "hẹ̀n-ẹ́n" lẹ́ẹ̀kan náà. Àfiwé tí mo ti kọ sínú ìwé tèmi, nípa ẹrú àti olówó ẹ̀, mo rọra pa á rẹ́. Tèmi ò tó ti ọmọ yẹn.

Lẹ́yìn orúkọ ló kan ìlérí. Tina sọ pé òun ti ṣèlérí fún Ike pé òun ò ní fi í sílẹ̀, torí pé gbogbo ẹni tó bá bá ṣe orin tó sì dáa ló ń fi í sílẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dùn ún gan-an. Àánú ẹ̀ ṣe é. Òun náà, ẹni tí ìyá fi sílẹ̀ láìdágbére, ó mọ bó ṣe ń rí. Àwọn ọmọbìnrin inú yàrá máa ń tètè gba ibẹ̀ yẹn mú ju àwa àgbà lọ, torí wọ́n ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. "Ìwọ nìkan ni mo ní." "Tó o bá fi mí sílẹ̀, mi ò mọ nǹkan tí mo lè ṣe fún ara mi." Ó máa ń dún bí ìfẹ́ létí. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé òótọ́ ló ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹrù ni, ẹni tó gbé e fún ẹ ò sì ní gbà á padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, owó. Tina kọrin títí, ó jó títí, owó ò dé ọwọ́ ẹ̀, Ike ló ń mú un. Lẹ́yìn ìyẹn ni igi. Ó ní nígbà tóun sọ pé òun ò fẹ́ orúkọ yẹn, òun ò sì fẹ́ tẹ̀lé wọn rìnrìn àjò orin, Ike mú igi tí wọ́n fi ń fẹ bàtà, ó fi gbá òun lórí. Oyún wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́dún 1962 wọ́n lọ ṣègbéyàwó ní Tijuana ní Mẹ́síkò.

Bí mo ṣe tò ó yìí náà ni mo ṣe máa ń tò ó fún wọn. Tó bá jẹ́ igi la fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn á ní, "Ẹni tó bá gbọ́wọ́ sókè sí mi, ọjọ́ yẹn náà ni mò ń lọ," wọ́n á sì fọkàn balẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò kan àwọn. Ta ló fẹ́ kí wọ́n fọkàn balẹ̀? Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń ran ẹni tí wọ́n ń lù nílé lọ́wọ́ máa ń lò, àwòrán táyà kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n yà ní Duluth, ìpínlẹ̀ Minnesota, lọ́dún 1984, látinú ohun tí àwọn obìnrin tí wọ́n ń lù nílé fẹnu ara wọn sọ. Àárín táyà yẹn ni agbára àti kọ́ńtírólù wà. Sípóòkù mẹ́jọ ló ní: owó, ìdẹ́rùbà, kí wọ́n fi ọmọ dẹ̀rù bani, kí wọ́n má jẹ́ kó o rí ará àti ọ̀rẹ́, kí wọ́n máa sọ pé ìwọ lo fà á, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lílù gan-an kò sí lára sípóòkù, etí táyà ló wà, òun ló di gbogbo ẹ̀ pọ̀. Mo máa ń ya kẹ̀kẹ́ yẹn láìkọ nǹkan kan sí i, kí wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn. Nígbà tá a ṣe é kẹ́yìn, wọ́n kọ "pásíwọ́ọ̀dù," wọ́n kọ "tan lókéṣọ̀n ẹ sílẹ̀," wọ́n kọ "ta ló láìkì fọ́tò ẹ." Ẹnì kan kọ "ó ní kí n pa aṣọ yẹn tì." Mi ò bi í pé ta ló ní bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, gbé ìṣirò kan jáde lọ́dún 2024 pé nínú àwọn ọmọbìnrin tó ti ní ọ̀rẹ́kùnrin tàbí ọkọ rí, bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹni tí wọ́n ń fẹ́ máa ti lù tàbí kó ti fipá bá wọn lò pọ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ogún ọdún. Ọmọbìnrin bíi mílíọ̀nù 19 nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́rin, ká ṣáà sọ bẹ́ẹ̀. Mo kà á fún wọn lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún un kà, torí mo rí i pé wọ́n ti ń ka ara wọn lójú.

Ìbéèrè tó máa jáde, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀, ni "Kí ló dé tí ò kúkú lọ?" Ẹ má bínú sí ọmọ tó bá bi í. Àwọn àgbà tó yẹ kó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ ń bi í lójoojúmọ́. Mo máa ń ní ká jọ dá Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn wò. Ilé ààbò tí obìnrin tí wọ́n ń lù lè sá lọ ò tíì pọ̀, ọdún 1974 ni èyí tó wà ní St. Paul ní Minnesota ṣílẹ̀kùn, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wà ní gbogbo ilẹ̀ yẹn. Nọ́ńbà tí èèyàn lè pè láti ibikíbi ní Amẹ́ríkà tórí ọ̀rọ̀ yìí ò sí, ọdún 1996 ló bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló ń tọ́, méjì nínú wọn tí Ike bí fún obìnrin míì. Owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ọkọ ló ni ín. Àti pé, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, ìgbà tí obìnrin bá fẹ́ lọ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gan-an ni ewu máa ń pọ̀ jù, torí ìgbà yẹn ni ẹni tó ń darí ẹ̀ rí i pé òun fẹ́ pàdánù. Nítorí náà ẹni tó kàn ń pariwo "Kúrò níbẹ̀!" fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ láìbá a wá ibi tó máa sùn, ariwo lásán ló ń pa.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan o: fíìmù yẹn dé ibi tí Tina ti gbìyànjú láti pa ara ẹ̀ lọ́dún 1968. Ẹ má jẹ́ kó bá wọn lójijì. Kó tó dé ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ pé ó ń bọ̀, pé ẹni tí ò bá fẹ́ gbọ́ lè jáde kó sì padà wá láìsí pé ẹnikẹ́ni máa bi í, pé àgbà kan wà níta tó lè bá jókòó. Mo tún máa ń sọ fún wọn pé ó lo ọdún 55 sí i láyé lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo nǹkan tí mo fi hàn wọ́n ní Rio yẹn, ẹ̀yìn ìgbà náà ló ṣẹlẹ̀. Tí ọmọ kan bá sì sọ pé òun náà ti ń rò ó, ẹ má fi wàásù dá a lóhùn, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ mú un lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Ó wá di Dallas, July 1976. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nínú mọ́tò láti èbúté ọkọ̀ òfuurufú, lọ́tẹ̀ yìí Tina náà jà padà, nígbà tí wọ́n dé hòtẹ́ẹ̀lì Ike sùn lọ, Tina bá wé nǹkan mọ́ orí, ó gba ẹ̀yìn jáde. Ó sáré kọjá títì márosẹ̀ lóru, ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, sẹ́ńtì 36 àti káàdì tí wọ́n fi ń ra epo mọ́tò ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wọ hòtẹ́ẹ̀lì kan lódìkejì, ó sọ ẹni tóun jẹ́, ó ní òun ò lówó lọ́wọ́, òun á san án tó bá yá. Mánéjà ibẹ̀ fún un ní yàrá.

Mo ti múra ìbéèrè sílẹ̀ fún ibẹ̀ yẹn, nípa ìgboyà, ẹ mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 14 wa ló gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. "Àǹtí, tí mánéjà yẹn bá ní kò sí ààyè ńkọ́?"

A fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan lórí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, mi ò purọ́. Torí kò sẹ́ni nínú àwọn mẹ́fà tó kù tó ronú ara ẹ̀ bí Tina, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ronú ara ẹ̀ bí Ike, ṣùgbọ́n gbogbo wọn lè jẹ́ mánéjà. Kí lo máa ṣe tí ọ̀rẹ́ ẹ bá pè ẹ́ ní aago méjì òru? Ṣé wàá gbé fóònù? Ṣé wàá bi í ní, "Kí lo ṣe fún un?" Mánéjà yẹn ò bi í pé kí ló ṣe. Ọmọ kan ní òun á kọ́kọ́ jí màmá òun. Òmíì ní màmá tiẹ̀ á ní kí wọ́n lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àgbà tí èèyàn lè jí lóru láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ máa bínú, orúkọ yẹn ò sì pọ̀ bí mo ṣe rò, ó dùn mí.

Ti àwọn ọkùnrin ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ṣe é bíi pé àwọn lẹ̀ ń bá wí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ọkàn wọn pa, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ Ike fúnra ẹ̀ fún wọn, torí nínú ìwé tóun náà kọ nípa ayé ẹ̀, ó gbà pé òun gbá ìyàwó òun létí rí, ó gbà pé òun ti gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ débi tó fi ṣubú, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lù ú rí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín yẹn tán díẹ̀díẹ̀, torí kálukú ń rántí ibi tóun ti gbọ́ irú ẹ̀. "Mo kàn tì í ni." "Eré ni mò ń bá a ṣe." Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá torí ohun tí ojú Ike rí ní kékeré ni, torí Ike sọ pé àwọn òyìnbó kan lu bàbá òun ní àlùbolẹ̀, ohun tó sì pa á nìyẹn. Mo ní ó ṣeé ṣe kó wà lára ẹ̀. Mo ní Tina náà rí ìjà nílé wọn ní kékeré, ta ló lù? A fi í síbẹ̀ yẹn. Ẹlòmíì sọ pé obìnrin náà máa ń lu ọkùnrin, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣẹlẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n bá ń lù náà nílò ẹni tó máa gbé fóònù lóru.

Wàyí o, ìdajì kejì fíìmù yẹn ló wá tú mi fó. Wọ́n parí ìkọ̀sílẹ̀ wọn lọ́dún 1978, Tina ní òun ò fẹ́ nǹkan kan, orúkọ yẹn nìkan ni kí wọ́n fún òun. Ó sì gbà á. (Ọmọ tó sọ̀rọ̀ akáǹtì lẹ́ẹ̀kan fò dìde: "Ó ti gba akáǹtì ẹ̀ padà!") Ó ń kọrin káàkiri, ó ń san gbèsè. Lọ́dún 1981 ó ṣe íńtáfíù People yẹn, ó ro gbogbo ẹ̀ jáde, kí gbogbo ayé lè gbọ́ kí wọ́n sì yé bi í. Lọ́dún 1984, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 44, orin ẹ̀ gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ọdún tó tẹ̀ lé e ó gba àmì ẹ̀yẹ orin Grammy mẹ́ta. Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ Ike ti tán. Kò tán o! Oníròyìn tẹ̀ lé oníròyìn, orílẹ̀-èdè tẹ̀ lé orílẹ̀-èdè, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú orin tuntun, ìbéèrè àtijọ́ ni wọ́n ń bi í. Ojú ẹ̀ á yí padà. Erwin Bach, ará Jámánì tó padà fẹ́, sọ ọ́ nínú fíìmù yẹn pé ó ṣì máa ń lá àlá ẹ̀, bí àwọn sójà tó ti ogun dé.

Ọmọbìnrin kan ní, "Kí ló dé tí wọn ò fi í lọ́rùn sílẹ̀ ná? Ó ṣáà ti sọ ọ́."

Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Ìbéèrè 14. Mo wo àga ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ẹnì kankan ò jókòó sí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni ọmọ àga yẹn wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí, tí mo bá sọ nǹkan kan fún yín, ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n mi ò rántí ẹyin kankan lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn pé ó wá bá mi, mo ní mo ṣèlérí. Ó wá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn. Mi ò ní sọ ọ́ níbí. Ohun tó jẹ́ ni pé irú ọ̀rọ̀ tí àgbà kan ò lè dá pa mọ́ ni, ẹ̀mí èèyàn wà nínú ẹ̀. Mo lọ sọ fún ẹni tó yẹ kí n sọ fún. Wọ́n ṣe nǹkan sí i, ewu yẹn kúrò, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin gbáko ni ọmọ yẹn ò fi kí mi. Tó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á yà gba ọ̀nà míì. Kí n má ti ṣèlérí ni ì bá dáa. Tí mo bá ti sọ fún un kó tó la ẹnu pé, "Ohun tó bá jẹ́ ti ewu, mi ò lè dá a pa mọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní lọ sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ, a jọ máa lọ ni," á mọ ohun tóun ń fún mi. Nǹkan tí mò ń sọ fún gbogbo wọn báyìí nìyẹn kí iná yàrá tó kú, kí orin àkọ́kọ́ tó dún.

Ìwé ìbéèrè yẹn, mo ti jù ú nù. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ̀rọ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ á kọ ọ́ sórí bébà láìkọ orúkọ, ẹni tó bá fẹ́ dákẹ́ kó dákẹ́. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Mo máa ń sọ ọ́ ketekete pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Orí tábìlì láàárín ni rìmóòtù máa ń wà, ẹni tó bá fẹ́ kí fíìmù dúró á na ọwọ́, á tẹ̀ ẹ́, kò sì ní ṣàlàyé. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é báyìí, ọwọ́ mi ń yún mi, ẹ ò lè mọ̀. Mo máa ń jókòó lé e.

Nígbà tá a tún wò ó lọ́dún tó kọjá, ọmọ yẹn wá. Mi ò pè é o, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló mú un wá. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bíi tàná. Nígbà tó kan ibi tí oníròyìn ti ń bi Tina ní ìbéèrè tí wọ́n ti bi í ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, ó dìde, mo rò pé ìta ló ń lọ. Tábìlì ló lọ. Ó mú rìmóòtù, ó sáré yí fíìmù síwájú, ó fo oníròyìn yẹn, ó fo èyí tó tẹ̀ lé e, àfìgbà tó dé ibi tí Tina wà lórí ìtàgé tí èrò kún bámúbámú. Ó yí i sókè. Ó tún yí i sókè sí i. Lẹ́yìn náà ó lọ jókòó, ó gbé rìmóòtù sórí ẹsẹ̀ ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.